Káfíńtà Tó Ní Kí Wọ́n Ka Ìgbì

Títílọpẹ́, bí ìṣirò méjì bá kọ̀ tí wọn ò bára mu, èwo nínú wọn lo máa ń yí?

Má tíì dá mi lóhùn. Fa apẹ̀rẹ̀ edé yẹn mọ́ra kí o máa bá mi ṣà á, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò tó èyí tí ọwọ́ ń sinmi fún. Ohun tí o sọ fún mi láàárọ̀ yìí, nígbà tí o ń mu ẹ̀kọ, kò tíì kúrò lọ́kàn mi. O ní o gbé ọmọ kan sórí ìwọ̀n ní ilé ìwòsàn yín. Ìwọ̀n ní ọmọ náà fúyẹ́ ju bó ṣe wà lóṣù tó kọjá lọ. Ohun tí ọ̀gá nọ́ọ̀sì yín ti kọ sínú ìwé ní tirẹ̀ ni pé ọmọ náà ń dàgbà dáadáa. O wá kọ iye tí yóò bá ti ọ̀gá mu, kí ẹjọ́ má baà pọ̀. O rẹ́rìn-ín nígbà tí o ń sọ ọ́. Èmi kò bá ọ rẹ́rìn-ín. Mò ń wá ibi tí n óò gbà wọ̀ ọ́ ni.

Ọkùnrin kan wà. Káfíńtà ni, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń kàn. Etí igbó ló ń gbé, níbi tí igi wà. Àwọn ará abúlé kan wà ní ojú ọ̀sà tí wọ́n kọ́ ilé wọn sórí òpó, tí wọn kò ní igi kankan ju èyí tí wọ́n bá fi ọkọ̀ rù wá lọ. Ilé ìwòsàn wà ní òdìkejì ọ̀sà náà. Ọkọ̀ ẹja ni wọ́n fi ń gbé aboyún kọjá. Obìnrin á jókòó sínú omi tó ti rọ́ wọlé, á di etí ọkọ̀ mú, ìrọbí á sì máa mú un bọ̀. Láàárín ọdún kan, obìnrin méjì kò dé òdìkejì.

Abúlé bá fẹnu kò pé àwọn á kan ọkọ̀ kan tó fẹ̀, tó lórùlé, tí aboyún lè nà gbalaja sínú rẹ̀. Bàbá tó jẹ́ olórí èbúté ni ọ̀rọ̀ náà ká lára jù. Ó bí ọmọkùnrin mẹ́rin àti ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Ọmọbìnrin yìí ti sin ọmọ méjì, kò tíì gbé ọ̀kan pọ̀n rí. Oyún ẹ̀kẹta ti wà nínú rẹ̀, oyún oṣù méjì. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé òun ni ọkọ̀ náà máa kọ́kọ́ gbé.

Wọ́n ránṣẹ́ pe káfíńtà. Ó dé nígbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n rò pé á béèrè bí àwọn ṣe fẹ́ kí ọkọ̀ gùn tó. Kò béèrè.

Ó ní, "Ẹ sọ bí ìgbì yín ṣe gùn tó fún mi."

Wọ́n wo ara wọn. Apẹja kan ní, "Ọ̀gá, ṣé ìgbì náà lẹ fẹ́ fi kan ọkọ̀ ni, kí a má wulẹ̀ ra pákó mọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Káfíńtà kò rín. Ó mú okùn kan, ó so orí rẹ̀ mọ́ òpó ilé, ó di ìdí rẹ̀ mú, ó sì ń mi ọwọ́ rẹ̀ sókè sódò. Nígbà tó ń mì í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, iké ńlá ló ń rìn lórí okùn náà, àárín wọn sì jìnnà. Nígbà tó ń mì í kíákíá, iké pọ̀, wọ́n sì fún mọ́ra.

Ó ní, "Okùn kan náà ni, kò yí padà. Iye ìgbà tí ọwọ́ mi ń lọ tó ń bọ̀ ló yí. Bí iye bá pọ̀ sí i, gígùn á dín kù. Bí iye bá dín kù, gígùn á pọ̀ sí i. Ìgbì ojú omi náà ní iye, ó sì ní gígùn. Àwọn méjèèjì ni mo fẹ́."

Ó wá ka ohun mẹ́ta sílẹ̀ fún wọn. Àkọ́kọ́ ni iye orí ìgbì tó ń kọjá lára òpó kan láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìkejì ni gígùn ìgbì, láti orí ọ̀kan dé orí èyí tó tẹ̀ lé e. Ìkẹta ni ibi tí orí ìgbì kan ṣoṣo lè sáré dé láàárín ìṣẹ́jú kan náà. Ó ní bí ènìyàn bá ṣísẹ̀ nígbà ọgbọ̀n, tí ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì, ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà ló rìn, kò lè jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni ti ìgbì. Ẹ fi iye sọ gígùn di púpọ̀, ibi tí ìgbì sáré dé lẹ máa bá.

Bàbá ní, "Tí méjì bá bí ìkẹta, kí ló dé tí o fẹ́ kí a wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Káfíńtà ní, "Ìkẹta ni ẹlẹ́rìí, Bàbá."

Ó sọ ìdí tí gígùn fi ká òun lára. Ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ bá ti ìgbì dọ́gba, orí ọkọ̀ á gun orí ìgbì kan, ìdí ọkọ̀ á gun orí ìgbì kejì, ikùn rẹ̀ á wá so rọ̀ sí òfuurufú. Bí pákó tí wọ́n gbé lé òkúta méjì ni, tí ènìyàn ń fò lé láàárín. Tí ìgbì bá sún díẹ̀, ikùn ni yóò gun orí ìgbì, tí orí àti ìdí á so rọ̀. Ọkọ̀ á máa ká, á máa nà, títí yóò fi rẹ igi. Nítorí náà, bí òun bá mọ gígùn ìgbì tó wà ní ìgbà ẹ̀fúùfù, òun á fi ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ kún un, ibẹ̀ lòun á sì gé ọkọ̀ sí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni bàbá òun ti ṣe é fún odidi ọjọ́ ayé rẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ kan kò sì dá láàárín.

Ẹ̀fúùfù kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, káfíńtà kò sì lè dúró dè é. Ó ní kí wọ́n ri òpó méjì mọ́lẹ̀ sínú omi gbalasa, kí ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì ní ojú ọ̀nà tí ìgbì ń gbà. Òun fúnra rẹ̀ fi okùn wọn àárín wọn: ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà. Ó ní nígbà tí orí ìgbì kan bá kan òpó kejì, kí wọ́n mọ iye ìgbì tó dùbúlẹ̀ sáàárín òpó méjèèjì, kí wọ́n sì pín ọgọ́ta sí ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Gígùn ìgbì kan nìyẹn. Ó bọ́ agogo ọwọ́ rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ fún wọn, ó sì lọ.

Ìyàwó kan ṣoṣo ló lè ka agogo ní abúlé náà. Ó ti ka ìwé dé kíláàsì kẹta kí wọ́n tó yọ ọ́. Ìyàwó ọmọ Bàbá olórí èbúté ni, kò tíì pé ọdún kan tó wọlé wọn. Ẹni tó jẹ́ ìyàwó ilé lọ́jọ́ wọnnì, o kò mọ bó ṣe rí. Kì í jókòó níbi tí bàbá ọkọ rẹ̀ bá jókòó. Kì í wo ojú rẹ̀ bó bá ń sọ̀rọ̀. Kó tó wí pé "Bàbá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀," á kọ́kọ́ fi ẹnu jẹ iyanrìn.

Àkọ́rọ̀ òjò dé, ẹ̀fúùfù rẹ̀ sì dé. Wọ́n so ọkọ̀ kékeré mọ́ ìdí òpó àkọ́kọ́, Bàbá àti ìyàwó wà nínú rẹ̀. Bàbá ló ń kà, nítorí kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ mọ omi bíi tirẹ̀. Ìyàwó di agogo mú. Ó ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀, Bàbá." Nígbà tí ìṣẹ́jú kan pé, ó ní, "Ó tó." Bàbá ní ọgbọ̀n. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ọgbọ̀n ni lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Wọ́n wo bí orí ìgbì kan ṣe ń pẹ́ tó láti òpó kan dé èkejì. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà ni. Ìyàwó ṣírò rẹ̀: mẹ́fà lọ́nà mẹ́wàá ló wà nínú ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ìgbì á sáré ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà nígbà mẹ́wàá. Ẹgbẹ̀ta ẹsẹ̀ bàtà láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ó ku gígùn. Orí ìgbì kan tó ń hó funfun kan òpó àkọ́kọ́, Bàbá ní, "Ení." Òmíràn kan òpó náà, ó ní, "Èjì." Òmíràn, "Ẹ̀ta." Òmíràn tún kàn án, ó ní, "Ẹ̀rin." Lẹ́sẹ̀ kan náà, ìgbì àkọ́kọ́ tó ń hó funfun yẹn kan òpó kejì. Bàbá ní, "Ìgbì mẹ́rin. Kọ ọ́." Ìyàwó pín ọgọ́ta sí ọ̀nà mẹ́rin. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Nígbà tí wọ́n padà sílé, ó fi èédú kọ ọ́ sára pákó ẹ̀yìn ilé ìdáná, kó lè wò ó kó tó kọ ọ́ sínú ìwé. Ó fi ọgbọ̀n sọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún di púpọ̀. Irinwó ó lé àádọ́ta ló rí. Ó tún un ṣe. Irinwó ó lé àádọ́ta náà ni. Ẹlẹ́rìí ní ẹgbẹ̀ta. Àádọ́jọ ẹsẹ̀ bàtà omi ti sọnù, kò sì mọ ibi tó wọlé sí.

Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, ẹni tó ń tún àwọ̀n ṣe lórí pèpéle. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ṣé a lè tún ti gígùn yẹn kà lọ́la?"

"Kí ló ṣe é?"

"Wọn ò bára mu, Bàbá."

"Àwọn wo?"

"Iye àti gígùn."

Bàbá kò bínú. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní, "Ìyàwó mi, mo ti ń ka ọrọọrún ọjà kí wọ́n tó bí ìyá rẹ. Bí baba mi ṣe kọ́ mi kà ni mo ṣe kà á, ẹ̀rin ni. Tún ìwé tìrẹ wò."

Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ wá wo ìyàwó tó fẹ́ kọ́ bàbá ọkọ rẹ̀ ní ení, èjì." Èkejì ní, "Fi sílẹ̀, agogo ọwọ́ ló ń gùn ún." Wọ́n fi rẹ́rìn-ín títí ẹja fi jó mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ìyàwó padà sẹ́yìn ilé ìdáná. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe wà, káfíńtà á rí i pé wọn kò bára mu, á padà wá, á sì bi Bàbá léèrè níwájú gbogbo èbúté. Àwọn obìnrin yẹn náà ni yóò wá sọ pé òun ló ta bàbá ọkọ òun. Ó wá béèrè ohun tí kò yẹ kó béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀: iye wo ni mo lè fi sọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún di púpọ̀ kó fi jẹ́ ẹgbẹ̀ta? Ogójì ni.

Ó fi ọwọ́ nu ọgbọ̀n kúrò lára pákó, ó kọ ogójì sí i. Ó wò ó. Ó bára mu. Ara tù ú. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn, Títílọpẹ́, pé òun mọ ìṣirò tó bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó fi ìwé náà rán obìnrin kan tó ń gbé ẹja lọ sí etí igbó.

Káfíńtà gba ìwé náà. Ogójì, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹgbẹ̀ta. Ó yìn wọ́n. Ó fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì kan ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà ogún.

Ọkọ̀ náà dé nígbà tí omi dákẹ́. Kò sí ẹni tí kò yọ̀. Ọmọbìnrin Bàbá, tí ikùn rẹ̀ ti yọ síta, wọ inú rẹ̀, ó nà gbalaja sábẹ́ òrùlé, ó ní, "Ẹ máa wa mí lọ, mo ti di ayaba." Bàbá ní, "Ẹ fà á dìde, kó má sùn lọ síbẹ̀. Kò tíì kàn án."

Ó kàn án ní àrọ̀kúrò òjò. Ọjọ́ kan tí ẹ̀fúùfù ń jà, ìrọbí mú un ní kùtùkùtù, ọmọ kò sì yí orí wálẹ̀. Agbẹ̀bí ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Ọkùnrin mẹ́fà mú àjẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ jókòó sí ìdí ọkọ̀, ó ń darí. Ìyàwó tó ka agogo bá wọn lọ, òun ló di ẹ̀yìn ọmọbìnrin náà mú.

Wọ́n dé àárín ọ̀sà. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìṣó rẹ̀ ló ń ké, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń fa eyín. Ìyàwó fi àtẹ́lẹwọ́ lé pákó ilẹ̀ ọkọ̀, ó rí i pé pákó náà ń ká, ó ń nà. Ó gbójú sókè. Orí ọkọ̀ jókòó sórí ìgbì kan, ìdí rẹ̀ tí Bàbá wà jókòó sórí èyí tó tẹ̀ lé e, abẹ́ aboyún sì ṣófo. Ogún ẹsẹ̀ bàtà ọkọ̀, ogún ẹsẹ̀ bàtà ìgbì. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló mọ ohun tó ń rí.

Pákó àárín là. Omi wọlé. Wọ́n fi igbá gbọ́n ọn, wọ́n fi ìborùn gbọ́n ọn. Àwọn ọkùnrin bẹ́ sínú omi kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, wọ́n di etí rẹ̀ mú, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lúwẹ̀ẹ́, wọ́n ń tì í lọ. Ìrìn tí kò yẹ kó ju wákàtí méjì lọ gbà wọ́n títí di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ náà ti jáde kó tó di ìgbà yẹn. Inú omi tó wà nínú ọkọ̀ ló jáde sí, lọ́wọ́ ìyàwó náà. Kò ké. Ọkùnrin ni. Ìyá rẹ̀ yè é, ṣùgbọ́n kò lóyún mọ́ títí ó fi darúgbó.

Wọ́n ní káfíńtà ló ṣe é. Wọ́n ní igi tó jẹrà ló fi kan ọkọ̀. Kò dúró kí wọ́n ránṣẹ́ pe òun, ìròyìn kàn án, ó sì wá fúnra rẹ̀. Ó jókòó ti ọkọ̀ tó fọ́ náà. Ó fi ìka gbẹ́ ara igi, igi le. Ó wọn ọkọ̀, ogún ni. Ẹ̀fúùfù ṣì ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, ó gba agogo rẹ̀, ó wakọ̀ lọ sí ìdí òpó, ó ka iye ìgbì fún ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ ti yí.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ka gígùn fún mi bí ẹ ṣe kà á nígbà yẹn."

Bàbá kà á. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin.

Káfíńtà mú òjé àwọ̀n mẹ́rin, ó tò wọ́n sórí pákó níwájú Bàbá. Ó ní kí Bàbá fi ìka rìn láti orí èyí àkọ́kọ́ dé orí èyí tó kẹ́yìn, kí ó ka àlàfo. Bàbá fi ìka rìn. Àlàfo mẹ́ta ni. Ó tún un rìn. Mẹ́ta.

O rí i, Títílọpẹ́, bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà nìyẹn. Bí ọjà bá jẹ́ òní, tí a ní a tún máa ná an ní ọrún, a máa ń ka òní mọ́ ọn. Oorun mẹ́rin péré la máa sùn tí ọjà á fi pé, síbẹ̀ a ní ọrún ni. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ fún ọjà, nítorí gbogbo wa la jọ ń kà á bẹ́ẹ̀, a sì jọ ń pàdé. Ṣùgbọ́n Bàbá ka orí ìgbì tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ mọ́ èyí tí wọ́n fi parí, nígbà tó jẹ́ àlàfo ni wọ́n fẹ́. Ìgbì mẹ́ta ló wà láàárín òpó. Ogún ẹsẹ̀ bàtà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bàbá jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo pa ọmọ ọmọ mi."

Káfíńtà ní, "Ẹ má wí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn lè ṣi gígùn kà, ìdí tí mo fi ní kí ẹ wá ẹlẹ́rìí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ogójì ló wà nínú ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ọgbọ̀n ni mo kà lónìí, nínú ẹ̀fúùfù tí ẹ̀yin náà sọ pé irú tìgbà yẹn ni. Ká ní ọgbọ̀n ni mo rí nínú ìwé ni, ǹ bá má fi ayùn kan igi. Ǹ bá wá bá yín. Ta ló rí ogójì?"

Bàbá kò mọ̀wé. Oṣù mẹ́fà ti kọjá, wọ́n sì ka oríṣiríṣi nǹkan lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Bí ìwé bá sọ pé ogójì, èmi náà ni mo kà á. Ẹni tó pe mẹ́ta ní mẹ́rin, kí ni kò ní lè pè?"

Káfíńtà mi orí. Ó ní, "Àṣìṣe méjì kì í dìde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n wá di ọwọ́ ara wọn mú báyìí. Ẹnì kan ló so wọ́n pọ̀." Ó wo gbogbo àwọn tó dúró síbẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ìyàwó náà wà láàárín wọn, ó gbé abọ́ omi gbígbóná dání fún ọmọbìnrin tí ọmọ rẹ̀ kú. Kò sọ̀rọ̀. Abọ́ náà jó o lọ́wọ́, kò gbé e sílẹ̀. Káfíńtà so agogo rẹ̀ mọ́wọ́, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Láti ọjọ́ náà Bàbá kò ka nǹkan kan mọ́. Kò ka ẹja, kò ka ọjọ́ ọjà. Bí wọ́n bá bi í pé ọjọ́ mélòó ló kù, á ní kí wọ́n lọ bi ọmọ kékeré.

Gbọ́ mi dáadáa, ìwọ tó o ní ìwé ju gbogbo wa lọ. Ẹni tó ṣi nǹkan kà, ènìyàn ni. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì yín lè ṣi ìwọ̀n kà lóṣù tó kọjá, ìwọ náà lè ṣì í kà lóṣù yìí, ìwọ̀n náà lè ti bàjẹ́. Mi ò mọ̀, ìwọ náà ò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí méjì bá kọ̀ láti bára mu, wọ́n ń pè ọ́ padà sídìí omi ni. Ọmọ yẹn kò lẹ́nu mìíràn tó lè fi sọ̀rọ̀ ju ìwọ̀n yẹn lọ, ìwọ sì fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu nítorí ojú ẹnì kan. Lọ́la, kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, lọ sílé ìyá ọmọ náà. Gbé e padà wá, wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, kọ ohun tí o bá rí. Bí ọ̀gá yín bá bínú, kúnlẹ̀ fún un. Kúnlẹ̀ dáadáa, kò ní pa ọ́. Ṣùgbọ́n má yí iye. Orúnkún ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, a kì í fi ìṣirò ṣe é.

Bàbá kú ní ọdún kẹfà. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá ṣi nǹkan kà ládùúgbò wa, wọ́n á ní ó ka ìgbì bíi Bàbá Èbúté. Láti kékeré ni ìwọ náà ti ń fi bú àwọn ẹgbẹ́ rẹ, o kò mọ ẹni tí ò ń bú. Bàbá tó bí bàbá ìyá rẹ ni. Orúkọ tí kò tọ́ sí i ni wọ́n fi sin ín, ẹni tó sì lè gbà á sílẹ̀ ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́, ó ń dáná, ó ń tọ́mọ, ó dákẹ́. Gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà ló ti lọ tán, ó ku ẹnì kan. Òun ló ń bá ọ ṣa edé yìí. Bàbá kọ́ ló fọ́ ọkọ̀ náà, káfíńtà kọ́, ẹ̀fúùfù kọ́.

Èmi, Ìbídàpọ̀, ni.